Àgọ́ Aṣọ Funfun Tí Ń Bá Ọlọ́jà Polówó

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń wí. Nígbà àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ra igbá fínfín l'Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn dé ọjà Akẹ̀sán. Yóò gbé igbá náà lọ́wọ́, yóò fi ìka kàn án kí ó lè gbọ́ bí ó ti ń dún, yóò yí ìdí rẹ̀ wò bóyá ó sán, yóò sì fi èékánná tọ ipa ọ̀bẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òun àti ọlọ́jà yóò tó máa nájà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó wá ra tìmùtìmù aláwọ: yóò gbóòórùn awọ náà, yóò sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Òde òní ńkọ́? Ẹni tí yóò ra igbá náà lè wà ní Èkó, ó sì lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú fóònù ni ó ti rí i. Kò lè fọwọ́ kàn án, kò lè kàn án kó gbọ́ ohùn rẹ̀. Fọ́tò tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́ sí i ni ojú rẹ̀, òun náà ni ọwọ́ rẹ̀, òun náà ni etí rẹ̀. Bí fọ́tò náà kò bá dára, ọjà ti bàjẹ́ lójú oníbàárà kí a tó dárúkọ owó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi. Mo ti rí igbá tí wọ́n gbé ka orí sìmẹ́ǹtì, tí oòrùn ọ̀sán pa ìdajì rẹ̀, tí ìdajì kejì wà nínú òkùnkùn, tí òjìji ẹni tí ń ya fọ́tò náà sì nà gbalaja lé e lórí. Mo ti rí yẹtí tó dára gan-an tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn, tí sálúbàtà ọlọ́jà yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò rà á? Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò lábùkù. Fọ́tò ni ó ń bà á lórúkọ jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí kò wọ́n, tí ènìyàn lè fi páálí ṣe nínú ilé. Àgọ́ ìmọ́lẹ̀ ni mo ń pè é. "Light tent" tàbí "light box" ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é.

KÍ NI ÀGỌ́ YÌÍ Ń ṢE?

Ẹ wo oòrùn ọ̀sán gangan. Oòrùn tóbi ju ayé wa yìí lọ lọ́nà tí ẹnu kò lè ròyìn, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jìnnà sí wa, bí ẹyọ kọ́bọ̀ kan ni ó rí lójú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì ti ibi kékeré kan ṣoṣo wá, líle ni. Apá tí ó kọjú sí i yóò funfun gbòò, apá tí ó kẹ̀yìn sí i yóò dúdú, etí òjìji rẹ̀ yóò sì mú bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí ìkúukùu bá bo ojú ọ̀run. Oòrùn àná náà ni, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti fọ́n ká inú ìkúukùu, gbogbo ojú ọ̀run ni ó wá ń tàn sí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Òjìji a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Aṣọ funfun tí ó yí àgọ́ yìí ká ni ìkúukùu tiwa. Iná wà lẹ́yìn aṣọ, ọjà wà nínú rẹ̀. Aṣọ a gba ìmọ́lẹ̀ náà, a fọ́n ọn ká, a sì dà á lé ọjà láti ọ̀tún, láti òsì àti láti òkè.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le. Ẹ wá páálí tí ó lágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń kó Indomie tàbí ọṣẹ wá sí ọjà. Kí ó tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹ fẹ́ yà, ó kéré tán. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹ gé fèrèsé ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, sí ẹ̀gbẹ́ òsì àti sí òkè, kí ẹ ṣẹ́ etí tó ìka méjì kù yíká kí páálí má baà wó. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ funfun ní tòótọ́ o! Èyí tí ó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gbogbo ọjà tí ẹ bá gbé sínú àgọ́ ni yóò kó àwọ̀ rẹ̀ ràn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú káàdíbọ́ọ̀dù funfun kan, ẹ lẹ orí rẹ̀ mọ́ òkè ẹ̀yìn páálí láti inú, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ wálẹ̀ kí ó sì tẹ̀ wẹ́rẹ́ wá síwájú. Ẹ má ṣe ká a ní igun. Bí ẹ bá ká a, ìlà kan yóò hàn lẹ́yìn ọjà nínú fọ́tò. Bí ó bá tẹ̀ wẹ́rẹ́, ilẹ̀ àti ògiri yóò di ọ̀kan, ojú oníbàárà kò sì ní rí ohun mìíràn tí yóò gbà á lọ́kàn.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun ní ilẹ̀ wa. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Kí ó tó kú ní 2014, oríṣi irun tí ó ti yà sún mọ́ ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, níwájú ògiri tàbí aṣọ tí kò ní nǹkan kan lára. Kò sí àga, kò sí òdòdó, kò sí aago lára ògiri. Irun nìkan ni ẹ óò rí, ẹ óò sì lè ka iye ẹsẹ̀ tí onídìrí pín in sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ iná. Gílóòbù méjì tó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, níta àgọ́. Kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: irú kan náà, agbára kan náà, àwọ̀ kan náà. Ẹ má fi wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí iná bá sún mọ́ aṣọ jù, àmì róbótó kan ni yóò tàn lára aṣọ, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì tún le padà. Ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè gba gbogbo aṣọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ̀ yín láti fi àbẹ́là tàbí fìtílà elépo ṣe é. Páálí àti aṣọ ni. A rí ohun tí iná ṣe l'Ọ̀yọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 nígbà tí ọjà Akẹ̀sán jó. Ènìyàn kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan òmíràn nínú ìyẹ̀wù rẹ̀ nítorí fọ́tò yẹtí.

Bí iná mànàmáná kò bá sí ńkọ́? Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi mí nìyí, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ gbé àgọ́ náà sẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kọjú sí fèrèsé. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi káàdíbọ́ọ̀dù funfun dípò gílóòbù, yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sórí ọjà. Láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ óò rí fọ́tò tó dára yà láìná kọ́bọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ nu ọjà kí ẹ tó gbé e wọlé, pàápàá ohun aláwọ dúdú. Eruku tí ojú wa kò kà sí, kámẹ́rà a máa kà á.

OHUN TÍ MO RÍ L'ÓGBÓMỌ̀ṢỌ́

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí kìlómítà 50 ni, mo sì máa ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní àdúgbò Under G, nítòsí Yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tajà lórí fóònù kò lóǹkà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń ta yẹtí onídẹ àti òróró olóòórùn dídùn nínú ìgò kéékèèké. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Gbogbo yẹtí tí mo bá yà, aṣọ ara mi ni mo ń rí nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, mo rí bùláòsì rẹ̀ aláwọ̀ ewé, mo rí fèrèsé yàrá rẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú fóònù. Ohun dídán kò ní ojú tirẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ ni ó ń fi hàn, bíi ṣíbí tí a gbé sókè. Ibi tí àgọ́ ìmọ́lẹ̀ ti ń gbayì jù nìyí, nítorí pé bí yẹtí bá wà nínú rẹ̀, aṣọ funfun nìkan ni ó lè rí, aṣọ funfun nìkan ni yóò sì fi hàn. Ẹnu àgọ́ nìkan ni ó ṣẹ́ kù, níbi tí ẹni tí ń ya fọ́tò dúró sí. A fi káàdíbọ́ọ̀dù funfun dí i, a sì lu ihò kan tí ojú fóònù lè gbà wò. Bùláòsì aláwọ̀ ewé náà di ohun ìgbàgbé.

Ìgò òróró fún wa ní wàhálà mìíràn. Nínú àgọ́ tí ó funfun yíká, etí ìgò pòórá, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ìgò parí sí. A gé bébà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, a fi ọ̀kan sí ọ̀tún ìgò, ọ̀kan sí òsì rẹ̀, níbi tí fọ́tò kò ti ní kó wọn. Lójú kan náà ni ìlà dúdú wẹ́ẹ́rẹ́ yọ sí etí ìgò lápá méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́. Ọmọ náà pariwo. Ó ní idán ni mo pa. Kì í ṣe idán rárá: ìgò ń fi dúdú hàn gẹ́gẹ́ bí yẹtí ti ń fi funfun hàn.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tí ń ta aṣọ òkè ní agbègbè Tàkì dùn mí ju èyí lọ. Abẹ́ gílóòbù tí ń tan pupa rúsúrúsú nínú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ya fọ́tò àlàárì kan. Ẹ mọ bí àlàárì ti í pọ́n, pípọ́n rẹ̀ a máa jinlẹ̀. Nínú fọ́tò, ó dà bí ọsàn tí ó ti pọ́n jù. Ẹni tí ó rà á láti ọ̀nà jíjìn fẹ́ràn àwọ̀ ọsàn náà, nígbà tí ó sì gba aṣọ, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó dá a padà. Ìyá náà dá owó padà, ó sì san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Owó ọjà kan bẹ́ẹ̀, gbèsè ló dà.

Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ń fi Kelvin díwọ̀n rẹ̀: gílóòbù pupa rúsúrúsú wà láàárín 2,700 sí 3,000, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì wà ní nǹkan bí 5,500. Ojú ènìyàn a máa bá a mu láìrò ó, kámẹ́rà kì í fi gbogbo ìgbà bá a mu. Èyí tí ó burú jù ni kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ lápá kan, kí gílóòbù pupa máa tàn lápá kejì. Ìdajì aṣọ yóò fà sí búlúù, ìdajì yóò fà sí pupa, kò sì sí àtúnṣe kan tí yóò wo méjèèjì sàn pọ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá lo gílóòbù, ẹ ti fèrèsé.

Kámẹ́rà tún ní ìwà kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Kò mọ̀ pé funfun ni funfun. Èrò tirẹ̀ ni pé ohun gbogbo tí a bá kó síwájú òun, bí a bá pò wọ́n pọ̀, bí eérú ni wọ́n rí. Nítorí náà, bí ó bá rí àgọ́ tí ó funfun yíká, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, káàdíbọ́ọ̀dù funfun á sì di aláwọ̀ eérú. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí ẹtù kún ojú fóònù, ẹtù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, á sọ ọ́ di búlúù tó ti ṣá. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka kan ojú ọjà náà, àmì oòrùn kékeré kan yóò yọ. Ẹ fà á sókè fún funfun, ẹ fà á sílẹ̀ fún ẹtù.

ỌWỌ́ ONÍGBÁ

Nígbà tí àgọ́ yìí ti ṣe báyìí gbayì l'Ógbómọ̀ṣọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan l'Ọ̀yọ́ tí ó ti ń fín igbá láti kékeré. Mo gbé igbá rẹ̀ tí ó dára jù sínú rẹ̀, mo tan iná méjèèjì, mo yà á, mo sì fi hàn án. Bàbá mú awò ojú rẹ̀, ó wo fóònù títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó ya igbá mi sórí bébà? Ọ̀bẹ mi dà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Báwo ni ojú ṣe ń mọ̀ pé ọ̀bẹ wọ inú igbá? Nípa òjìji ni. Etí kan ipa ọ̀bẹ a tàn, etí kejì a ṣókùnkùn, ojú a sì mọ̀ pé kòtò wà láàárín. Àgọ́ ìmọ́lẹ̀ ń lé òjìji lọ ni. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀tún, òsì àti òkè wọ inú ipa ọ̀bẹ pọ̀, ó kún un bámú. Alángbá tí bàbá fín sí igbá náà, ẹja tí ó fín, ìlà híhun tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká, gbogbo rẹ̀ di àwòrán tí ọmọ iléèwé fi bírò yà. Ohun tí oníbàárà ń sanwó fún gan-an ni àgọ́ gbé pamọ́.

Mo pa iná òsì. Mo ṣí aṣọ òsì kúrò, mo fi káàdíbọ́ọ̀dù dúdú dí ibẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ kankan má baà ti ibẹ̀ padà. Mo fi káàdíbọ́ọ̀dù dúdú mìíràn bo òkè. Mo wá rẹ iná ọ̀tún sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tábìlì dọ́gba, mo sì sún un sẹ́yìn igbá díẹ̀. Ẹ rántí bí oòrùn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti ń ṣe sí ojú ọ̀nà, tí òkúta wẹ́wẹ́ pàápàá ń ní òjìji tirẹ̀. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Aṣọ ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ náà kò le jù, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ó ti ń wá.

Mo tún un yà. Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀bẹ mi ti dé." Ó tún sún fóònù mọ́ ojú, ó fi ìka tọ́ka sí ibì kan nítòsí ìrù alángbá náà. Ọ̀bẹ yọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ó ń fín in, ó sì hàn kedere. Mo sọ fún un pé fóònù lè pa ibẹ̀ rẹ́. Ó ní, "Bí o bá pa á rẹ́ nínú fóònù, ṣé ó ti parẹ́ lára igbá? Fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e délé yóò rí i." Ọgbọ́n bàbá yìí ni èmi náà ń lò títí di òní. Ojú igbá tí ó bá sán, mo máa ń ya ibẹ̀ lọ́tọ̀, kí olówó wò ó kí ó tó sanwó. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníbàárà mi kò tíì dá ọjà padà nítorí ibi tí ó sán.

Ohun tí mo sọ nípa igbá yìí kan awọ tí wọ́n tẹ ọ̀nà sí lára, ó kan ère, ó kan ọṣán tí ó yí gángan ká. Yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀, ìgò àti ohun dídán gbogbo, kí gbogbo aṣọ wà níbẹ̀ kí iná méjèèjì máa tàn. Aṣọ òkè wà láàárín méjèèjì: bí àwọ̀ ni ẹ fẹ́ polówó, ẹ lo iná méjèèjì, bí ó bá jẹ́ híhun rẹ̀, ẹ pa ọ̀kan.

Àwọn àgọ́ kan wà tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí a ká pọ̀ bí àpò, tí wọ́n ti to iná wẹ́wẹ́ sí òkè wọn. Èmi kò kórìíra wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré jù fún igbá. Nítorí pé òkè nìkan ni iná wọn wà, iwájú ọjà a máa ṣókùnkùn bí ojú ẹni tí ó dé fìlà abetí. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi bébà funfun kan lélẹ̀ níwájú ọjà kí ó dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè. Kí ẹ sì fi àlàárì dán iná rẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Àwọn iná olówó pọ́ọ́kú kan kì í mọ pupa í fi hàn, pípọ́n àlàárì á kú lábẹ́ wọn. Àwọn mìíràn a máa ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú wa kò rí, ìlà dúdú á sì gba inú fọ́tò kọjá.

Nǹkan kékeré kan kù. Fọ́tò nínú àgọ́ kì í sọ bí ọjà ti tóbi tó. Igbá tí a fi ń mu omi àti igbá tí a fi ń gbé ẹrù ìyàwó lè dà bí ẹgbẹ́ ara wọn níwájú káàdíbọ́ọ̀dù funfun. Ẹ gbé páálí ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kan, kí ẹ sì gbé e kúrò nínú ìyókù.

Aṣọ àgọ́ náà yóò dọ̀tí, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Èmi ń fọ tèmi lóṣooṣù pẹ̀lú ọṣẹ lásán. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé mi pé kí wọ́n má ṣe fi búlúù sí omi rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe sí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé búlúù náà kì í dúró lára aṣọ nìkan, ara àwọn yẹtí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni a óò ti rí i.